Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ́: Àsìkò Ajílẹ̀

Ìgbà ara là á búra. A kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó rí: bí ó bá pẹ́ dé, owó rẹ̀ ti ṣòfò.

Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ gba ríra ajílẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, igbe àwọn àgbẹ̀ ni pé ó ń dé nígbà tí ohun ọ̀gbìn ti gbó. Ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi tẹ̀tẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Òkè-Fìà bá gbìn ín sí àkùrọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní, yóò tó fà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4. Ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn gbígbìn, ìyẹn ọjọ́ 19, ni ó yẹ kí ó rí náítírójìn, oúnjẹ tí í mú ewé gbilẹ̀. Èyí tí ó bá dé ní ìparí oṣù kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a fún tìmátì: ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí a bá lọ́ ọ kúrò níbi tí a da irúgbìn sí, kí a lo 15-15-15, lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá ń yọ òdòdó. Ẹ má ṣe fún un tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí omi máa ń gbé náítírójìn lọ sísàlẹ̀ kọjá gbòǹgbò. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ewé ni a ó rí, èso kò ní í pọ̀. Ẹ bù ú yí ìdí rẹ̀ ká, kí ó jìnnà sí igi rẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, lórí ilẹ̀ tútù, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó.

Ìṣirò ẹgbẹ́ nìyí. Kí olúkúlùkù fún akọ̀wé ní ọjọ́ tí yóò gbìn àti ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀. Bí ajílẹ̀ bá ń gba ọjọ́ 14 kí ó tó dé, ẹ fi ọjọ́ 7 kún un nítorí ìdádúró. Ẹ ka ọjọ́ 21 sẹ́yìn láti ọjọ́ 19: ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ni owó gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ akápò, kí irúgbìn tó kan ilẹ̀ rárá. Bí àpò bá dé, ẹ tò ó sórí pákó, kí ọ̀rinrin má bà á jẹ́.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ọjọ́ mélòó ni ajílẹ̀ ẹgbẹ́ yín gbà kí ó tó dé lọ́dún tó kọjá?