Ọ̀gá Báńkì fún Ìjọba Méjì

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ ti wo owó bébà dáadáa rí? Ẹ óò rí i pé ọ̀gá báńkì àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Íńdíà, òyìnbó ló ń wà ní ipò yẹn títí di ọdún 1943, nígbà tí ó kan Chintaman Deshmukh, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ Íńdíà.

Ní ọdún 1947, Íńdíà gba òmìnira, ṣùgbọ́n wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì: Íńdíà àti Pakísítánì. Pakísítánì kò ì tí ì ní báńkì àpapọ̀. Owó wo ni wọn yóò máa ná lọ́jà? Kí ni wọn yóò fi san owó oṣù àwọn olùkọ́? (Èmi olùkọ́ yín mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó!)

Báńkì Deshmukh ló ń bá ìjọba méjèèjì tọ́jú owó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jagun ní Kashmir. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1948, wọ́n tẹ orúkọ ìjọba Pakísítánì sára owó Íńdíà, kí wọ́n lè máa ná an níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà ni Pakísítánì ṣí báńkì tirẹ̀.

Deshmukh di mínísítà ètò ìnáwó Íńdíà ní ọdún 1950.