Nígbà tí Wúfà Méjì Kò Tó Ẹyọ Kan

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti inú Bíbélì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ń kọ ọ́. Yàrá físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. A kò mọ̀ pé a ti gbàgbé rẹ̀ títí ó fi sọ wá di ẹlẹ́rìí èké.

Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ra home theatre sí pálọ̀ wa. Wúfà kan ni ó bá a wá, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó yá, béèsì rẹ̀ kò tó wa mọ́. Ampilifáyà náà ní ẹnu méjì fún wúfà, nítorí náà a lọ sí ọjà, a ra irú rẹ̀ kan sí i, a sì fúnra wa so wáyà rẹ̀. (Bí ẹnu kan ṣoṣo bá wà lẹ́yìn tiyín, ẹ má ṣe so méjì pọ̀ mọ́ ọn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ampilifáyà lè jóná.) A fi orin sí i. Béèsì tí ó yẹ kí ó pọ̀ sí i, ńṣe ni ó joro. Ohùn dùrù tí ó máa ń mi fèrèsé wá dún bí ẹni tí ń lu páálí.

A gbé wúfà náà padà lọ bá oníṣòwò tí ó tà á, a sì bá a wí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ bí ẹni tí ó ta ayédèrú fún wa. Kò bá wa jiyàn. Ó dá wúfà náà nìkan so, ìgò orí tábìlì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ ṣe so wáyà rẹ̀ nílé?” A kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe físíìsì yóò rántí àwo omi aláìjinlẹ̀ inú yàrá ìdánwò, tí irin kékeré méjì ń ta omi inú rẹ̀ tí ìgbì fi ń jáde. Níbi tí orí ìgbì kan bá ti pàdé orí ìgbì kejì, omi ga sí i. Níbi tí orí bá ti pàdé kòtò, omi dúró jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ inú pálọ̀ ń ṣe. Iwájú wúfà dà bí awọ ìlù: ó ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó sì ń fà á sẹ́yìn, ìgbà 40 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ohùn náà bá jẹ́ hertz 40. Bí ẹ bá fi wáyà pupa sí ojú dúdú lára ọ̀kan, nígbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́, èkejì ń fà á. Ẹni méjì ni wọ́n ń ti ọkọ̀ tí ó kú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ń làágùn, ọkọ̀ kò sì sún. Béèsì ni ìyà yìí ń jẹ jù, nítorí ìgbì rẹ̀ gùn. Ìgbì hertz 40 gùn tó mítà 8 àti àbọ̀, ó ju ọ̀pọ̀ pálọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá wà nítòsí ara wọn tí wọ́n sì ń tì pọ̀, decibel 6 ni wọ́n yóò fi ju ẹyọ kan lọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dún, lẹ́yìn náà èkejì, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì. Bí méjì bá kéré sí ẹyọ kan, ẹ pa iná, kí ẹ pààrọ̀ pupa àti dúdú lára ọ̀kan ṣoṣo. Bí àmì ara wáyà kò bá dá yín lójú, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ampilifáyà, kí ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 volt kàn án fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, orí bátìrì sí pupa, ìdí rẹ̀ sí dúdú. Awọ wúfà gbọ́dọ̀ fò síta. Bí ó bá wọlé, òdì ni àmì náà. Ní ti irú wúfà tí ó ní ampilifáyà tirẹ̀ nínú, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí a kọ phase sí, pẹ̀lú 0 àti 180. Ẹ yí i lára ọ̀kan, kí ẹ sì lọ jókòó sí àyè yín láti gbọ́ ọ.

A ṣe èyí nílé. Òdì ni a so ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì a padà sí ọjà, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníṣòwò náà níwájú ẹni tí ó wà níbẹ̀, bí a ti bú u ní gbangba.

Síbẹ̀, béèsì kò tíì dé orí àga wa, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àwọn ọmọ wa tí ó jókòó sí ẹ̀bá ògiri ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. Pálọ̀ ni ó fa èyí. Ohùn ń lu ògiri ó sì ń padà wá bá ara rẹ̀. Nínú pálọ̀ tí ó gùn ní mítà 5, ohùn bí hertz 34 yóò kún lẹ́bàá ògiri méjèèjì, yóò sì kú sí àárín gan-an, níbi tí bàálé ilé fẹ́ràn láti gbé àga rẹ̀ sí. A sún àga wa sẹ́yìn díẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn wà: ẹ gbé wúfà sí àyè tí ẹ ń jókòó, kí ẹ wá máa rá kòrò lẹ́bàá ògiri títí ẹ ó fi rí ibi tí béèsì ti dún kedere, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Orúnkún tí a ti fi ń kúnlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ní ọjọ́ náà.

Ní ọdún 2002, Todd Welti ti ilé-iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí iye wúfà tí ó tó fún yàrá kan. Ó rí i pé nínú yàrá onígun mẹ́rin, méjì tí wọ́n kojú ara wọn ní agbedeméjì ògiri ń mú kí béèsì dọ́gba lórí àwọn àga, àti pé èyí tí ó bá ju mẹ́rin lọ kò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kún un. Ìdọ́gba yìí ni iṣẹ́ wúfà púpọ̀ jù lọ, kì í ṣe ariwo.

Bí ọ̀kan bá fi mítà 2 lé díẹ̀ jìnnà sí àga ju èkejì lọ, ohùn hertz 80 wọn yóò dé ní òdì síra wọn. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ jíjìnnà ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ampilifáyà, bí ó bá ní àyè fún un. Bí ó bá sì jẹ́ pé Large ni ẹ fi àwọn sípíkà iwájú sí, béèsì orin lè má dé ọ̀dọ̀ wúfà rárá. Ẹ fi í sí Small, kí ẹ pín ohùn ní hertz 80.

Àwọn ọmọ wa ti ń sọ ti wúfà kẹta. A ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná.