Ẹ Gbọ́ Ohùn Ara Yín Kí Ẹ Tó Yìn Ín

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi fídíò hẹ́dífóònù géèmù tuntun kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Iná aláràbarà ń tàn létí rẹ̀, ó ń mirí sí orin, ó ní báàsì rẹ̀ ń mi ilẹ̀, ká sáré lọ rà á. Gbogbo Ìgànná wa níbí pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ Pọ́bẹ̀ kan kówó jọ rà á, wọ́n fi gbá géèmù Free Fire lálẹ́ ọjọ́ náà, ariwo fáànù nìkan ni ẹnìkejì wọn tó wà ní Ṣakẹ́tẹ̀ ń gbọ́. Ta ló dán máìkì rẹ̀ wò? Kò sẹ́ni.

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń yẹ tìmùtìmù etí wò. Ẹ ti mọ ìyẹn. Máìkì ni mò ń wí. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ wá fi hẹ́dífóònù mìíràn tí etí yín ti mọ̀ gbọ́ ọ. Ẹ má gbà á nínú yàrá tó pa lọ́lọ́. Ẹ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí jẹnẹrétọ̀ máa dún, kí ọ̀kadà máa kọjá, torí irú ibẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ rà á yóò ti lò ó.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ rédíò ní Àjàṣẹ́ kì í fi orin dán iṣẹ́ wò. Tí àwa ọmọ iṣẹ́ bá ti sáré yí rédíò sí ibi tí wọ́n ti ń lùlù, á gbà á lọ́wọ́ wa, á wá ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn, á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi dà bí ọ̀rọ̀ òfófó, á sì di ojú. Tó bá ṣì í gbọ́, ká tú u padà nìyẹn, oúnjẹ ọ̀sán á sì dúró. À ń kùn nígbà náà. Orin a máa bo àléébù mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í bò ó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ “sá” àti “ṣá” ni mo máa ń sọ sínú máìkì títí dòní. Èyí tí kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí ẹ ní kó sá yóò dúró máa ṣá ọ̀tá.

Ti Bluetooth tiẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin rẹ̀ lè dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ní kété tí máìkì bá ṣí, ọ̀pọ̀ wọn á sọ gbogbo ohùn di ti ìpè fóònù. Ẹni tó fi orin nìkan dán an wò kò lè mọ̀. Okùn náà ní tirẹ̀: èyí tí ẹnu rẹ̀ ní òrùka mẹ́ta ló ń gbé orin àti máìkì pọ̀. Tí ẹ bá fi í sínú ihò aláwọ̀ ewé lára kọ̀ǹpútà àtijọ́, orin á máa dún lákọlákọ, máìkì á ti kú.

Ọ̀rọ̀ ara páálí kò lè gbà yín. “20 Hz sí 20.000 Hz” wà lára èyí tó dára àti èyí tí kò dára, ìwọ̀n ohun tí etí ọ̀dọ́ tó jí pépé ń gbọ́ ni. “7.1” tó ń ṣèlérí ohùn láti ìhà gbogbo náà, nínú ọ̀pọ̀ wọn, sípíkà kan péré ló wà létí kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ìyókù. Orúkọ ńkọ́? Hẹ́dífóònù HyperX Cloud tó jáde lọ́dún 2014, tí ayé gba tirẹ̀, ara hẹ́dífóònù Takstar Pro 80 ti ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti mú un jáde. Ilé-iṣẹ́ QPAD ti ta irú rẹ̀ ṣáájú HyperX. Etí ló yàn án, kì í ṣe orúkọ.

Ẹ tún rántí pé ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ rà á ní ọjà Alábà ní Èkó, ibodè ni yóò tún sọdá kó tó lè dá a padà. Torí náà, kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti gba ohùn sílẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá ní kí ẹ má ṣí máìkì nítorí kí ọ̀rá ara rẹ̀ má bàa ya, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.