Ìdí Tí Làálì Gidi Fi Ń Pẹ́

Oríṣi làálì méjì ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lé e fún ìyàwó àti fún ọlọ́dún. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé tó ń rùn bí koríko gbígbẹ. Ẹni tó bá lé e ní láti jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èkejì ti dúdú kirikiri láti inú abọ́, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí iṣẹ́ fi parí. Èkejì yìí ló sábà máa ń wọ oníbàárà lójú, àbí ta ló fẹ́ jókòó bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ìyára yẹn àti dúdú yẹn gan-an ló ń tú àṣírí rẹ̀: ewé làálì nìkan kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Igi kékeré tó ń hù níbi tí oòrùn ti mú ni làálì, láti Òkè Ọya wa níbí dé Sudan àti Íńdíà. Lalle ni àwọn Hausa ń pè é. Aró kan wà nínú ewé rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lawsone, tí kì í sábà ju ìdá kan tàbí méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún ewé gbígbẹ. Pupa ni, pupa tó súnmọ́ ti ọsàn. Kò sí dúdú níbẹ̀. Orí awọ ni osùn ń jókòó sí, omi sì lè ṣàn án lọ, ṣùgbọ́n lawsone ń wọlé, ó ń so mọ́ keratin, ìyẹn èròjà tó di irun, èékánná àti ìpele òkè awọ ara. Nítorí náà ni àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí awọ ti nípọn, fi ń gbà á ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Bí awọ náà ṣe ń bó díẹ̀díẹ̀ ni làálì ń ṣá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Irun kì í bó bẹ́ẹ̀: làálì orí kì í tán àfi bí irun tuntun bá hù.

Ibẹ̀ ni ìlànà pípò rẹ̀ ti wá. A ó sá ewé, a ó gún un, a ó sì fi asẹ́ tó kúná kù ú. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni a ó fi pò ó títí yóò fi ki bí ògì tí a kò tíì fi omi là. A ó bò ó di ọjọ́ kejì, nítorí omi kíkan ń fa aró jáde díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú, tí abẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní àwọ̀ ewé, ó ti tó lò. Lórí awọ, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà a ó ha á dànù, a kò ní fi omi kàn án lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù bí ó bá kọ́kọ́ yọ bí ọsàn pípọ́n. Afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di pupa tó jinlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ti orí, wákàtí méjì sí mẹ́rin tó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ ẹni tó ń lé e náà á di ọwọ́ ìyàwó. Ewú á pọ́n fòò. Irun dúdú á kàn máa tàn pupa nínú oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ewú òun dúdú, ìyẹ̀fun ẹ̀lú ni yóò fi tẹ̀ lé làálì.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí àwọn Hausa ní làálì dúdú kí dáì tó dé? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Mali àti láwọn ibòmíràn ní etí aṣálẹ̀, àwọn obìnrin mọ bí a ṣe ń fi omi eérú àti irú èròjà bẹ́ẹ̀ mú làálì ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n pupa ló ń ṣáájú níbẹ̀, lẹ́yìn tí làálì bá ti jẹ wákàtí tirẹ̀ tán. Èyí tó ń dúdú lójú ẹsẹ̀ sábà máa ń ní PPD nínú, kẹ́míkà inú dáì irun. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kó ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí irun, kò sì gbà á rárá nínú ohun tí a fi ń ya ara. Ẹni tó ń pò ó sínú abọ́ kì í wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ mélòó kan lè kọjá kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, kó wá léròrò ní ipa ọ̀nà ọ̀ṣọ́ náà gẹ́lẹ́, kó sì di àpá. Ara kì í sì gbàgbé: dáì irun lásán lè wú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Àwọn mìíràn á ní ohun tó bá ti jẹ́ ewé kò lè pani lára. Wọ́n ṣì í. Lawsone lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a bí láìní èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní G6PD tó pọ̀ tó, àìtó yìí sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá láàárín ọkùnrin. Àgbà tó ya ọ̀ṣọ́ díẹ̀ sọ́wọ́ lè má mọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n awọ ìkókó tinrin, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí wọ́n bá fi làálì kùn ún, ojú rẹ̀ lè pọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbẹ débi tí ẹ̀mí yóò fi wà nínú ewu. Làálì tó mọ́ jù lọ pàápàá kì í ṣe ti ìkókó. Fún àgbà, kí ó ní kí wọ́n fi ìyẹ̀fun rẹ̀ han òun ní gbígbẹ kí wọ́n tó pò ó, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ abọ́ dúdú tí wọ́n ti pò sílẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kò sí ohun tó kù láti yẹ̀ wò.