Ẹ̀KỌ́: BÍ A TI Í WÀÁSÙ FÚN ẸNI TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌPỌ́NJÚ

Bíbélì kíkà: Jóòbù 2:11-13, Jòhánù 11:17-37
Àfikún: 2 Kọ́ríńtì 1:3-7

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Kristi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ń pè láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé obìnrin, nínú kíláàsì, tàbí ní ilé ọ̀fọ̀. Kò sí ọjọ́ tí a óò dìde sọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń jìyà kò ní wà ní ìjókòó: opó, ẹni tí ń wojú Olúwa fún ọmọ, ẹni tí àìsàn dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Kí ni a óò sọ fún wọn?

1. Kí a kọ́kọ́ bá wọn jókòó. Elífásì, Bílídádì àti Sófárì ṣe dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n sì bá Jóòbù jókòó nílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé tíṣà tó mọṣẹ́ a máa wo ojú àwọn ọmọ kí ó tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tí yóò wàásù ní Ọjọ́ Ìsinmi, kí ó ti ṣe ìbẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀.

2. Kí a má ṣe wá ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Bílídádì ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ Jóòbù ló pa wọ́n (8:4). Ní orí 42:7, Ọlọ́run bínú sí i àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Jésù léèrè ẹni tó ṣẹ̀ tí a fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀ (Jòhánù 9:3). Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ọ láàrin wa pé, “Ẹ lọ yẹ ara yín wò,” tàbí “Ìgbàgbọ́ yín ni kò tó.” Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú wá gba ìtùnú, ó sì bá ẹjọ́ pàdé. Òmíràn kì í padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

3. Kí a fi àyè sílẹ̀ fún ẹkún. Màtá àti Màríà sọ ohun kan náà fún Jésù, pé bí Ó bá wà níbẹ̀ ni, arákùnrin àwọn kì bá tí kú. Kò bá wọn wí. Ó sọ ti àjíǹde fún Màtá; Ó sì sunkún níwájú Màríà, bí Ó tilẹ̀ mọ̀ pé Òun yóò jí Lásárù. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì. Kí a má ṣe kánjú pa ẹkún mọ́ ọlọ́fọ̀ lẹ́nu.

4. Kí ìrètí wa jẹ́ òtítọ́, kí iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ṣèlérí pé Òun kò ní fi wá sílẹ̀, àti pé òkú yóò jíǹde. Kò fi ọjọ́ tí àìsàn yóò lọ lé wa lọ́wọ́. Kí a má ṣe dá ọjọ́ fún Un. John Wesley kò dúró lórí ìwàásù nìkan: ní 1746 ó ṣí ilé tí a ti ń fún àwọn tálákà ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Abọ́ ọbẹ̀ tí a gbé lọ fún opó a máa jẹ́ kí ó gbọ́ ìwàásù wa.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Ta ni a kò rí mọ́ nínú kíláàsì wa láti ìgbà tí ìpọ́njú dé bá a? Ta ni yóò lọ?
(b) Ní Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá, báwo ni a ṣe ń ṣe sí àwọn tí kò ní ọmọ?

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní etí kí O tó fún wa ní ọ̀rọ̀. Àmín.