Bí Ọmọ Bá Farapa ní Ilé-ìwé: Ìmọ̀ràn fún Òbí Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Tọ́mọ

Ọmọ mi, jókòó. O ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní Soclogbo níbí, ní ilẹ̀ Ìdáàṣà ní Benin, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn ọ́. Àárín òkè la wà. Ọmọ Ìdáàṣà kì í dàgbà kó má gun àpáta, ẹni tó bá sì ń gun àpáta yóò já bọ́ lọ́jọ́ kan. Bó bá wá jẹ́ pé ilé-ìwé ló ti já bọ́, tí apá kán tàbí tí eyín yọ, ojú ẹsẹ̀ ni ẹbí máa ń pín sí méjì. Apá kan á ní kí a lọ gba owó gbà-má-bínú. Apá kejì á ní ojúkòkòrò ni, pé ta ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣòwò? Èmi ní kí o béèrè níbi tó bá tọ́, bí o bá ti mọ̀ pé ọmọ ló ni owó náà, kì í ṣe ìwọ. Orí ìyẹn ni gbogbo ìmọ̀ràn mi dúró lé.

1. Tọ́jú ọmọ kí o tó wá ẹni tó jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè ọ́, má dúró bá olùkọ́ jà lẹ́nu ọ̀nà. Gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò bú àwọn tó ń to eegun. Ọ̀pọ̀ eegun ni àwọn baba wa tò tó sì jiná. Ṣùgbọ́n eegun tó gún awọ jáde, ọmọ tó fi orí gbálẹ̀ tó wá ń bì, tí oorun sì ń gbé e lọ, dókítà ló ni wọ́n. Wákàtí tí o bá fi jà kò ní padà wá. Ìbínú rẹ ní tirẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ lọ́la.

2. Gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọmọ ọdún méje tó ń sunkún á ní wọ́n ti òun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fò. Bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bi olùkọ́, bi ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Òun ló sábà máa ń rí ohun gbogbo. Nítorí bí o bá fi irọ́ kan ṣoṣo kún ẹjọ́ rẹ, ọjọ́ tí wọ́n bá já a, wọn ò ní gba òtítọ́ tó kù gbọ́ mọ́.

3. Mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjàǹbá àti àìbìkítà. Ọmọ tó ń sáré lórí ilẹ̀ gbalasa tó fẹsẹ̀ kọ, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Gbé e dìde, nu orúnkún rẹ̀, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n kànga tí kò ní ìdérí, ògiri tí gbogbo ayé ti rí i pé ó ń là, òpó gọ́ọ̀lù tí wọn ò rì mọ́lẹ̀, kíláàsì tí olùkọ́ fi sílẹ̀ lọ sọ́jà: àìbìkítà nìyẹn, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ dáhùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé alájà tó ní ilé-ìwé ọmọ wẹ́wẹ́ lókè wó ní Ita Faji, ní Erékùṣù Èkó, ó sì pa ọmọ. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn ní wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ fún wíwó. Ní Niger, iná jó kíláàsì oníkoríko lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún 2021: 20 ọmọ ló kú ní Niamey ní oṣù Kẹrin, ó sì lé ní 20 ní Maradi ní oṣù Kọkànlá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe irú èyí ní àmúwá Ọlọ́run fún ọ.

4. Ẹgba kì í ṣe ìjàǹbá. Bí olùkọ́ bá fi pàṣán lu ọmọ lójú, tàbí tó lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú, má jẹ́ kí wọ́n fi adìẹ kan àti ìgò ọtí sodabi kan parí rẹ̀. Òfin 2015-08 ti Benin, tó jẹ́ Code de l'Enfant, èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá 2015, kò gba irú rẹ̀ láàyè ní ilé-ìwé. Àwọn baba wa ní ká fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Wọn ò ní ká fọ́ ọ lójú. Bí o bá gba adìẹ lórí èyí, ọmọ ẹlòmíràn ló kàn.

5. Bí ọkọ̀ bá gbá ọmọ lójú ọ̀nà ilé-ìwé, má dààmú olùkọ́. Ọ̀nà ńlá tó ti Cotonou wá, tó gba Paouignan àti Dassa lọ sí Parakou, ọkọ̀ akẹ́rù ò sinmi lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Code CIMA, òfin assurance (adójútòfò) tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń lò, sọ assurance di dandan fún ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ assurance ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ iye tí yóò san fún ẹni tó farapa láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ ìjàǹbá. Bó bá jẹ́ ẹ̀mí ló bọ́, oṣù 8 ni wọ́n ní láti fi dá ẹbí lóhùn. Nítorí náà, kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, kí o sì pe ọlọ́pàá kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Láìsí ìwé ọlọ́pàá, assurance á ní àwọn ò mọ̀ ọ́ rí. Awakọ̀ tó bá ki ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fráǹkì bọ̀ ọ́ lápò kí o lè dákẹ́ kò ṣe ọ́ lóore. Ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ ló ń rà lọ́pọ̀.

6. Mọ àpò tí o fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀. Láti 2006 ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti di ọ̀fẹ́ ní Benin. Ọ̀gá ilé-ìwé ò tọ́jú owó sábẹ́ tábìlì. Ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ òbí, APE, ló dá a fún páànù àti bẹ́ǹṣì. Bí o bá kó o lọ, ọmọ aládùúgbò ni yóò jókòó sílẹ̀. Bí ẹ̀bi olùkọ́ ìjọba bá wúwo, ìjọba tó gbà á síṣẹ́ ni kí o kọ̀wé sí. Ti ilé-ìwé aládàáni yàtọ̀: ó gba owó lọ́wọ́ rẹ, ó sì ní ẹni tó ni ín. Ẹni náà ni kó dáhùn.

7. Béèrè bí ẹni tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ òun náà. Code civil tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, ní abala 1384, ní kí olùkọ́ dáhùn fún aburú tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe nígbà tó wà lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀. Abala kan náà ní kí àwọn òbí dáhùn fún ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Lónìí, wọ́n sọ òkúta lu ọmọ rẹ; lọ́la, ọmọ rẹ lè jẹ́ ẹni tó sọ ọ́. Iye tí o bá bù lé ẹlòmíràn lórí ni wọn yóò bù lé ìwọ náà, abúlé kì í gbàgbé.

8. Kó ìwé jọ. Mú ìwé àjákọ kan. Ojú ìwé àkọ́kọ́: ọjọ́, wákàtí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹni tó rí i. Lẹ́yìn náà, gbogbo owó tó jáde: zémíjàn (ọ̀kadà) lọ, zémíjàn bọ̀, àwòrán eegun, plâtre, oògùn, oúnjẹ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Gba certificat médical ní ọjọ́ náà gan-an, má dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Ra oògùn níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní rìsíìtì. Ẹni tó ń ta á nínú abọ́ lọ́jà ò ní kọ nǹkan kan fún ọ. Di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí o gbé e kọ́ sókè, nítorí ikán ò mọ ìwé ẹ̀tọ́ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu á yí padà kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìwé ò ní yí.

9. Má bẹ̀rẹ̀ láti kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Olùkọ́ tí o pè lẹ́jọ́ lónìí ni yóò kọ́ àbúrò ọmọ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí APE jókòó sí i, kí olórí abúlé gbọ́, kó tó di ọ̀rọ̀ mairie tàbí ti adájọ́. Bí gbogbo wọn bá kọ etí dídi sí ọ, nígbà náà lọ, má bẹ̀rù. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Má sì fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí kí ara ọmọ tó yá tán. Eegun ọmọdé ṣì ń dàgbà. Èyí tó kán nítòsí oríkèé lè wọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, ọwọ́ tí o fi síwèé á sì ti pa ọ́ lẹ́nu mọ́.

10. Owó ọmọ, fún ọmọ ni. Ìtọ́jú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣìkejì. Kì í ṣe owó àtúnṣe alùpùpù, kì í ṣe owó ìnáwó òkú. Bó bá ṣẹ́kù, fi í pamọ́ fún un ní ilé ìfowópamọ́ CLCAM tàbí níbi tó dá ọ lójú. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tọ́ mọ́ yóò kọ́ ìṣirò. Lọ́jọ́ tó bá pé ọmọ ọdún 18, á bi ọ́ níbo ni owó ẹsẹ̀ òun wà, wàá sì dá a lóhùn níwájú ìyá rẹ̀.

11. Béèrè àtúnṣe pọ̀ mọ́ owó. Owó á wo ọmọ tìrẹ sàn, ìdérí kànga ló máa gba ọmọ tó kàn là. Igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Kí ilé-ìwé tó wọlé lóṣù Kẹsàn-án, bi wọ́n bóyá assurance wà fún àwọn ọmọ, kí ló bò, kí ni kò bò. Láti 1971 ni Jámánì ti fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábẹ́ assurance ìjàǹbá, àti nínú kíláàsì àti lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Wọn ò ní láti wá ẹlẹ́bi kí wọ́n tó tọ́jú ọmọ. A ò tíì débẹ̀, àmọ́ APE tó bá fi ohùn ṣọ̀kan lè máa dá díẹ̀díẹ̀ sápótí kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Òbí tí a kò rí ní ìpàdé APE lóṣù Kẹwàá, tó wá ń pariwo owó gbà-má-bínú lóṣù Kẹta, kó má kanlẹ̀kùn mi; èmi ò ní bá a dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.