Páálí Inú Ilẹ̀kùn Ìjàpá

Ìbéèrè: Bàbá mi fi mọ́tò Ìjàpá sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan lára àwọn tí Volkswagen tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, l'Ékòó, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa, àmọ́ páálí tó bo inú ilẹ̀kùn méjèèjì ti wú nísàlẹ̀, etí rẹ̀ ká, ó sì ń já kúrò lára irin. Ẹnì kan bá mi dè é ní súkúrù, òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló tún ká a padà. Lẹ́dà orí rẹ̀ kò ya rárá. Ṣé ó ṣeé tẹ́ padà? Ṣé kí n sá a sóòrùn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá a sóòrùn: ojú kan á gbẹ ju èkejì lọ, yóò tún ká sí i, lẹ́dà yín á sì súnkì.

Omi ló ń ṣe é. Igi lílọ̀ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni páálí yẹn. Lẹ́dà bo iwájú rẹ̀, omi kò ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà lásán, òun ló ń mumi. Ẹ̀yìn á wú, iwájú ò ní wú, ó di dandan kí ó ká.

Níbo lomi ti ń wá? Bí òjò bá ti ń rọ̀ sí gíláàsì, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ìdí gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, á sì gba àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àléébù. Ọ̀rá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin ni kì í jẹ́ kí omi náà kan páálí. Mẹkáníìkì tó bá tú ilẹ̀kùn láti tún ẹ̀rọ gíláàsì ṣe á fa ọ̀rá yẹn ya, á sì sọ ọ́ nù. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọ̀rá tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ tú ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì, kí ẹ wá ki irin pẹlẹbẹ sẹ́yìn páálí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíìpù kọ̀ọ̀kan gan-an. Bí ẹ bá ti ibòmíràn fà á, ojú ihò á ya. Ẹ fi wáyà la àwọn ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ìdọ̀tí sábà máa ń dí wọn. Ẹ da omi sára gíláàsì, kí ẹ wo ibi tó ń gbà. Bí rọ́bà bá ti le gbagidi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí páálí bá ṣì le, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó kàn rọ̀ díẹ̀. Ẹ dojú lẹ́dà dé orí aṣọ mímọ́ lórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ gbé pákó àti búlọ́ọ̀kù lé e, lábẹ́ òrùlé. Ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ délẹ̀, bó tilẹ̀ gba ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kun ẹ̀yìn, etí àti ojú ihò gbogbo ní fáńníìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó de súkúrù kò ṣe èyí.

Bó bá ti ń rún lọ́wọ́, kò ṣeé tẹ́ mọ́. Ẹ rọra ṣí lẹ́dà, kí ẹ fi páálí àtijọ́ wọn hádíbọ́ọ̀dù tuntun, bíi mìlímítà 3. Bó bá nípọn jù, kílíìpù ò ní wọlé. Ẹ kùn ún ní fáńníìṣì kí ẹ tó lẹ lẹ́dà mọ́ ọn.

Ẹ wá ta ọ̀rá tuntun sára irin, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ yíká láìfi àyè sílẹ̀, kí ẹ sì ki etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ilẹ̀kùn kí omi lè máa ṣàn síbẹ̀. Ẹ má tíì da páálí padà. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sí mọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fọwọ́ kan ojú ọ̀rá tó kọ sí inú ọkọ̀. Bó bá gbẹ, ẹ wá fi kílíìpù gbé páálí sáyè rẹ̀.